Ikùn Méjì Kò Ní Kí Ọkọ̀ Má Dojú Dé

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀yin tí ẹ ń wọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Èrò lọ sí Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa: pé ọkọ̀ oníkùn méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní katamaránì, kì í dojú dé. Wọ́n ní ó fẹ̀, ìgbì kankan ò lè dà á nù. Kí ìjọba ṣáà rà á wá, kí wọ́n palẹ̀ ọkọ̀ fáíbà oníkùn kan mọ́ lórí ọ̀sà, wàhálà tán. Irọ́ ni. Irọ́ tó ń pààyàn sì ni, torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ ni í máa pariwo pé, "Ẹ wọlé o, ààyè ṣì wà!"

Mi ò bá ọkọ̀ náà jà. Ikùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì máa ń la omi wẹ́rẹ́, kì í mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ bí èrò bá ń wọlé, omi tí kò jìn kò sì bà á lẹ́rù. "Kì í" tí wọ́n fi síwájú "dojú dé" yẹn ni mo ń bá jà.

Níbo ni agbára tó fi ń dúró ṣinṣin ti wá? Bó bá fẹ́ tẹ̀ sápá kan, omi á ti ikùn apá yẹn sókè, ìwúwo ikùn kejì á sì fà á padà. Agbára ńlá ni, kíá ló sì ń dé. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ikùn kan bá ti kúrò lómi, agbára náà ti dé góńgó. Bó ṣe ń tẹ̀ sí i láti ibẹ̀ ló ń dínkù, títí á fi tán. Ọkọ̀ onígbòkun tó ní ikùn kan, tí wọ́n sì de òjé ńlá mọ́ nísàlẹ̀, lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí omi kó tún dìde fúnra rẹ̀. Katamaránì ńlá tó bá ti doríkodò, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí, gbagidi.

Ẹ lọ wò ó nítòsí Oníkàn, lọ́dọ̀ Lagos Yacht Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932. Katamaránì kékeré Hobie 16 wà lára ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣeré níbẹ̀: ó gùn ní mítà 5, ó fẹ̀ ní 2.4, ó wọn kílò 145. Bí atẹ́gùn bá já lù ú, imú ikùn kan á wọ omi, ìdí á ṣí sókè, àwọn méjì tó ń wà á á bá ara wọn nínú omi. Wọ́n á gun ikùn ìsàlẹ̀, wọ́n á di okùn mú, wọ́n á fẹ̀yìn sílẹ̀ kí ìwúwo wọn lè fa ikùn òkè wálẹ̀. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, tí omi sì wọnú òpó ìgbòkun, ọkọ̀ á doríkodò pátápátá. Eré ìdárayá nìyẹn. Ta ló fẹ́ fẹ̀yìn fa ọkọ̀ ọgọ́ta èrò dìde?

Fún ìje ọkọ̀ onígbòkun America's Cup ní San Francisco, àwọn olówó ayé kan katamaránì AC72: mítà 22 ní gígùn, 14 ní fífẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpópónà Ìsàlẹ̀ Èkó kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ti ẹgbẹ́ Oracle dojú dé ní oṣù kẹwàá 2012. Ti ẹgbẹ́ Artemis náà dojú dé ní oṣù karùn-ún 2013, Andrew Simpson, tó ti gba wúrà ní Òlíńpíìkì, sì bá a lọ.

Ẹ ó ní ọkọ̀ èrò kò ní ìgbòkun. Òótọ́ ni. Ẹrù àti gẹdú ni ọ̀tá tiwa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní katamaránì gùn ní mítà 10, tí ikùn kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80 lójú omi. Torí pé ikùn ń tín-ín-rín lọ sí imú àti ìdí, kílò bí 120 ló máa tẹ̀ ẹ́ wọ omi ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ wá kó ogún èrò lé iye tó yẹ kó gbà, kílò 70 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan: ó ti wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà bíi 12. Fáíbà kan tó gùn bákan náà, tó fẹ̀ ní mítà 2.5, kò ní wọlẹ̀ ju 8 lọ. Ọkọ̀ tí gbàgede rẹ̀ ń pe èrò gan-an ni kò lè ru èrò àléékún! Àlàfo tó wà láàárín omi àti pèpéle tó so ikùn méjèèjì pọ̀ ni 12 yẹn ti jẹ; ìgbì á wá máa gbá pèpéle lábẹ́, gbàù, gbàù, títí ojú ibi tí wọ́n ti so ikùn méjèèjì pọ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Ti gẹdú ló tún wá burú. Orí ọ̀sà ni wọ́n ti ń wọ́ igi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń là á, èyí tó bá já lára wọn á máa léfòó, orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ. Bó bá lu ikùn kan, apá kan ṣoṣo ni omi á máa wọ̀. Ọkọ̀ á tẹ̀ sápá yẹn, ẹrù á yọ̀ lọ síbẹ̀, èrò á tẹ̀ lé e. Àfi bí wọ́n bá fi ògiri tí omi ò lè gbà kọjá pín inú ikùn kọ̀ọ̀kan sí yàrá-yàrá ni omi ò fi ní kún un láti imú dé ìdí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá mú katamaránì wá sí Èbúté Èrò, ẹ bèèrè kí ẹ tó pàtẹ́wọ́: ìlà wo ni wọ́n kùn sí ara rẹ̀ tí omi ò gbọ́dọ̀ bò? Yàrá mélòó ló wà nínú ikùn kọ̀ọ̀kan? Àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà mélòó ló kù lábẹ́ pèpéle nígbà tí èrò bá kún? Ẹni tó ń tà á á ní ògiri inú ikùn gbówó lórí. Ó gbówó lórí lóòótọ́. Kó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, kó sì kọ iye tó fi ra tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.