Kí A Tó Pín Iṣẹ́, Ẹ Jẹ́ Ká Fẹnu Kò Lórí Ẹ̀dà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Mo fojú ara mi rí i ní kíláàsì kọ̀ǹpútà kan tí mo lọ nígbà ìsinmi. Wọ́n ní kí àwa mẹ́ta kọ ètò tí yóò máa ṣírò máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ará Emùré ni màá kọ abala tó ń gba máàkì wọlé, ará Ìsẹ̀ yóò kọ èyí tó ń ṣírò, ará Ìkẹ́rẹ́ yóò kọ èyí tó ń gbé èsì jáde. Èdè Python ni gbogbo wa lò. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ni pé: Python ewo?

Python 2 ló wà nínú ẹ̀rọ bàbá ọ̀rẹ́ mi ará Ìsẹ̀. Python 3.10 ni ti ará Ìkẹ́rẹ́. Tèmi àti ti kíláàsì ń lo Windows 7, tí kò lè gba Python tó kọjá 3.8.

Lọ́jọ́ tí a so iṣẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀rọ kíláàsì, abala ará Ìkẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, nítorí ó lo ọ̀rọ̀ àṣẹ “match”, tí kò sí nínú Python kankan ṣáájú 3.10. Ti ará Ìsẹ̀ náà kọ̀, torí pé kò fi àmì akọ́mọ sí “print”. A tún méjèèjì ṣe. Àṣìṣe kẹta ló burú jù, nítorí ẹ̀rọ kò pariwo rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 149 nínú iṣẹ́ mẹ́ta. Bí a bá fi odidi nọ́ńbà pín odidi nọ́ńbà nínú Python 2, ìdá tó ṣẹ́kù a dànù, nítorí náà 49 ni ọ̀rẹ́ mi rí nílé. Ẹ̀rọ kíláàsì rí 49.67, ó sì sún un sí 50. Àádọ́ta ni òdiwọ̀n àṣeyege. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà kùnà ní Ìsẹ̀, ó yege ní kíláàsì!

Ìdájọ́ tí wọ́n dá ni pé kí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó jókòó, kí àwọn tó ní tuntun parí iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kò padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, mo lòdì sí ìdájọ́ yẹn. Ṣebí ẹ̀dà tuntun ló kọ́kọ́ kọṣẹ́? Kí ló dé tí àtijọ́ nìkan fi jẹ̀bi? Àìfẹnukò ló jẹ̀bi.

Àwọn kan yóò ní Python 2 ti kú. Òótọ́ ni: láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn tó ni ín ti ṣíwọ́ títún un ṣe. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ọdún 2008 ni Python 3 jáde. Ó lé ní ọdún 11 tí wọ́n fi jẹ́ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rọra sọdá. Àwa ọmọ ilé ìwé wá ni wọn kò lè fún ní ọ̀sán kan! Ẹ̀rọ bàbá ọ̀rẹ́ mi, Windows 7 ni, ó lè gba 3.8. Fáìlì rẹ̀ kò tó 30 mẹ́gábáìtì. Fláàṣì kékeré kan ì bá gbé e délé. Nítorí ohun tí fláàṣì lè yanjú, wọ́n lé ọmọ ènìyàn.

Ẹ rántí Olówè ará Ìsẹ̀, tó gbẹ́ òpó sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tí kò mọ̀ pé àwòrán ara òpó lè yàtọ̀ bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n a ó ti wọn gíga kí àáké tó kan igi. Ẹ̀dà ni gíga òpó tiwa.

Nítorí náà, kí a tó pín iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká béèrè ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, ká sì yan èyí tí gbogbo ẹ̀rọ wa lè gbà. Ká kọ ọ́ sí òkè abala kọ̀ọ̀kan. Ká dán iṣẹ́ wò lórí ẹ̀rọ tó gbó jù, kì í ṣe lórí èyí tó dára jù. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ àtijọ́ tó kẹ́yìn bá kúrò nílẹ̀, ká jọ gòkè pa pọ̀, lọ́jọ́ kan náà.

Ìka kò dọ́gba, ẹ̀rọ àwọn òbí wa náà kò sì lè dọ́gba. Ẹ má fi ọjọ́ orí ẹ̀rọ díwọ̀n ọpọlọ ọmọ. Ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ní kó jókòó yẹn, òun ló mọ ìṣirò jù nínú àwa mẹ́ta.