Ọmọ Tó Lọ Kọ́ṣẹ́ Kò Fìdí Rẹmi



Ẹni tó kọ̀wé sí olóòtú pé òbí Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù tó bá gbà kí ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ní ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Deloitte dípò yunifásítì ti ta ọmọ náà lọ́pọ̀, kò ṣírò ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2017 ni ìjọba Britain ti ń gba owó-orí ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju £3 mílíọ̀nù lọ lọ́dún. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sanwó ẹ̀kọ́ ọmọṣẹ́. Ọmọṣẹ́ ń gbowó oṣù, òfin sì ní kó máa kẹ́kọ̀ọ́ lákòókò iṣẹ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ilẹ̀ England lè jẹ gbèsè £9,535 fún owó ilé-ìwé ọdún 2025 nìkan. (Lóòótọ́, kò ní san án padà àfi tówó tó ń wọlé fún un bá tó iye kan, ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè ń jẹ́.)

Òǹkọ̀wé náà tún ní ọmọ ọdún 18 kò lè gba ọ̀gá ilé-iṣẹ́ nímọ̀ràn. Ta ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀? Àkójọ ìṣirò, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìwádìí ni wọ́n ń gbé fún un, ọwọ́ àgbà ni ìmọ̀ràn wà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì kò yàtọ̀ púpọ̀ síyẹn. Ibi tí mo ti gbè òǹkọ̀wé náà lẹ́yìn ni pé kì í ṣe gbogbo irú ìkọ́ṣẹ́ ló ń fúnni ní dìgírì. Kí òbí béèrè ìyẹn kí ọmọ tó tọwọ́ bọ̀wé.