Kí Wọ́n Yẹ Ẹsẹ̀ Wò Kí Egbò Tó Dé

Bí ilé iṣẹ́ bá pè wá fún àyẹ̀wò ara, wọn a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn a yẹ ojú wò, wọn a gba ìtọ̀. A kò tíì rí dókítà ilé iṣẹ́ kan tí ó ní kí a bọ́ bàtà. Ohun tí ó ń bí wa nínú nìyẹn, pàápàá nítorí àwọn àgbà àárín wa tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ.

Bàbá awakọ̀ wa kan rìn láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá lọ́jọ́ tí kò sí mọ́tò, ìṣó sì wà nínú bàtà wọn. Wọn kò mọ̀, àfi ìgbà tí ìyàwó wọn rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ náà. Àwọn kan ní ayé ni ó ṣe é. Ayé kọ́ o! Ṣúgà ni ó ti pa iṣan tí ó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ.

Bí iṣan ìmọ̀lára bá kú, kì í ṣe ìrora nìkan ni ó bá a lọ. Ẹran inú ẹsẹ̀ a rù, ọmọ ìka a ká kò, ọ̀rá tí ó dà bí tìmùtìmù ní ìsàlẹ̀ ọmọ ìka a sún kúrò. Ìwúwo ara tí ó yẹ kí ó pín káàkiri àtẹ́lẹsẹ̀ a wá jókòó sójú kan. Awọ ibẹ̀ a le, egbò a sì máa dá sí abẹ́ rẹ̀. Àgbàlagbà náà a máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, a máa ṣubú. Bí ó bá jẹ́ awakọ̀, ó lè má mọ bí òun ti tẹ búrékì tó.

Ọ̀nà wà láti rí ojú ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ ilẹ̀ jù. Aláìsàn a rìn kọjá lórí pátákó pẹrẹsẹ kan tí ń wọn ìwúwo, kọ̀ǹpútà a sì ya àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà Paul Brand, tí ó tọ́jú adẹ́tẹ̀ ní Vellore ní Íńdíà kí ó tó lọ sí Carville ní Amẹ́ríkà ní 1966, rí i pé ohun kan náà ni ó ń ba ẹsẹ̀ adẹ́tẹ̀ àti ti alátọ̀gbẹ jẹ́: àìmọ̀lára. Bàtà tí ó bá tú ìwúwo ká ni ó ń gbà wọ́n. Ibi tí kò sí owó kọ̀ǹpútà, máàtì rọ́bà tí a fi yíǹkì kùn wà. Ibi tí ó bá dúdú jù lórí bébà ni ewu wà. Nọ́ọ̀sì sì lè fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín, tí ń tẹ̀ ní ìwúwo gíráàmù 10, mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń gbọ́.

Láàárín 2016 sí 2017, ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà ní Nàìjíríà, àwọn dókítà tẹ̀lé aláìsàn 336 tí wọ́n ní egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta wọn lọ tí a gé ẹsẹ̀ tàbí ọmọ ìka wọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ni ó kú.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ kan ní owó oṣù ni kí a kọ́kọ́ jà fún. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn ni ó ń bà wá: àwọn ọ̀gá lè fi àyẹ̀wò yìí lé àgbàlagbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Awakọ̀ tí ó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ pamọ́ títí yóò fi rà. Nítorí náà, kí ó wà nínú àdéhùn pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ mọ́ yóò bọ́ sí iṣẹ́ mìíràn lórí owó oṣù kan náà, kí wọ́n sì fún un ní bàtà iṣẹ́ tí ó fẹ̀, tí ó ní tìmùtìmù nínú. Bàtà onírin tí wọ́n ń pín fún wa báyìí, bí ẹni fi àpótí di ọmọ ìka ni.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa. Kó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, ẹ ti ọwọ́ bọ inú bàtà yín kí ẹ tó wọ̀ ọ́ láràárọ̀. Bí ó bá di alẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ bá yín wo àtẹ́lẹsẹ̀.