Ilé Sinmi, Olùkọ́ Ò Sinmi
Ohun tí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi gbà gbọ́ nípa bí ọmọdé ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ kò ṣeé yà kúrò lára ìrọ̀rùn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1977, fẹ́ kí á fi eré kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Irú ẹ̀kọ́ yìí ni olùkọ́ ń gbà ní Adéyẹmí, ní ìlú Oǹdó, ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ olùkọ́ láti àwọn ọdún 1960. Àmọ́ tó bá dé kíláàsì ní Àkúrẹ́, nǹkan mìíràn ni òbí tó sanwó ń béèrè: ìwé tó kún, iṣẹ́ àṣetiléwá, òyìnbó lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó ń fi agolo mílíìkì wọn iyanrìn ń kọ́ ìṣirò lọ́wọ́. Lójú òbí tó ń wò ó láti ẹnu géètì, ó ń ṣeré lásán ni. Olùkọ́ á wá kó iyanrìn dànù, á fa pẹ́ńsùlù lé ọmọ lọ́wọ́. Ariwo ọmọ àti owó oṣù tí kò tó nǹkan ń dáni lágara lóòótọ́, ṣùgbọ́n kéèyàn máa ṣe ohun tí kò gbà gbọ́ lójoojúmọ́ burú jù wọ́n lọ. (Ẹni tó sọ ọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi, ilé ló rò, kò ro olùkọ́.) Níbi tí ọ̀gá ilé ìwé bá ti ń pe òbí wọlé wá wo iṣẹ́ tí iyanrìn ń ṣe, ẹrù olùkọ́ máa ń fúyẹ́.