Ìtànṣán Ẹ́kísì àti Àwọn Ìràwọ̀ Ọ̀dọ́: Orúkọ Wo Ni Ó Yẹ?

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nígbà tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán kan ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1895, kò tí ì mọ irú ohun tí í ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi pè é ní X, àmì ohun àìmọ̀ nínú ìṣirò. Ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, nítorí náà ó lè wu olùtumọ̀ láti pè é ní ‘ìtànṣán afeegunhàn’. Orúkọ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run já a nírọ́.

Ní Orion, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí ọdún 1,350 kí ó tó dé ayé, ìkùukùu gáàsì àti eruku kan wà tí ìràwọ̀ ń ti inú rẹ̀ jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2003, Chandra, awò awọ̀nàjínjìn tí Amẹ́ríkà gbé lọ sókè ní 1999, tẹjú mọ́ ibẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 10 lápapọ̀. Orísun ìtànṣán tí ó rí lé ní 1,600. Ìràwọ̀ ọ̀dọ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ta ni ó ń ya fọ́tò eegun níbẹ̀? Kò sí. Agbára òòfà ara ìràwọ̀ ni ó ń lọ́ mọ́ra, tí ó ń já, tí ó sì tún ń so, títí gáàsì yóò fi gbóná dé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìwọ̀n. Ní ti àwọn ìràwọ̀ arabaríbí, ìjì tí ń fẹ́ jáde lára wọn ni ó ń kọlu ara rẹ̀. Gáàsì gbígbóná yìí fúnra rẹ̀ ni ó ń tan ìtànṣán náà.

Lóòótọ́, ìtànṣán yìí ń la eruku tí ó dí ìmọ́lẹ̀ ojú lọ́nà kọjá. Ṣùgbọ́n ìgbì rédíò náà ń là á kọjá. Ìwà tí ó ju ti ẹnì kan lọ kò tó sọ ẹnì kan lórúkọ. ‘Ìtànṣán ẹ́kísì’ ni ó yẹ.

Bákan náà ni ‘ọmọ ìràwọ̀’ yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ìràwọ̀ náà kéré, bẹ́ẹ̀ òmíràn nínú wọn tóbi ju oòrùn lọ fíìfíì. ‘Ìràwọ̀ tuntun’ kò sàn jù ú lọ: èyí tí Tycho Brahe fi orúkọ bẹ́ẹ̀ pè ní 1572, ikú ìràwọ̀ ni, kì í ṣe ìbí. ‘Ìràwọ̀ ọ̀dọ́’ sọ ọjọ́ orí, kò sọ ìtóbi.

Orúkọ tí kò bá ohun mu, olùkọ́ ni yóò máa tún un ṣe ní gbogbo ọdún níwájú pátákó. Ó sàn kí olùtumọ̀ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.