Òrùlé Ni Ká Kọ́kọ́ Wá fún Ilé tí Ogun Bàjẹ́

Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngán ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ó kéré tán, ènìyàn 11 ló kú. Wọ́n dáná sun ààfin ọba, ilé epo kan àti ilé àwọn ará ìlú. A sin àwọn tó kú. Àwọn tó yè ń kọ́? Inú ògiri tó dúdú, tí kò lórùlé mọ́, ni wọ́n padà sí. Báwo ni wọ́n ṣe ń tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ilé alámọ̀, nítorí ó ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Amọ̀ kì í jó. Ooru tilẹ̀ lè mú kí ojú rẹ̀ le díẹ̀, bí iná ṣe ń mú ìkòkò le. Igi òrùlé, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló ń jó. Bí igi bá ti jó tán, páànù á já wọlé, orí ògiri á sì wà ní gbangba. Oṣù Kẹfà sì ni ti Ìgàngán ṣẹlẹ̀, ìgbà tí òjò ń rọ̀. Omi á máa wọ ògiri láti òkè, amọ̀ á mumi, á rọ̀, á sì máa yọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ògiri tí iná kò rí wó, òjò lè wó o kí ọdún tó yípo.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi jẹ́ bíbo orí ògiri. Tapólì dára. Páànù àlòkù tí a fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀ dára, imọ̀ ọ̀pẹ náà sì sàn ju òfìfo lọ. Nígbà tí Jámánì ń rọ̀jò bọ́ǹbù lu Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1940 àti 1941, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń sáré ṣe nìyẹn: wọ́n ń fi tapólì bo òrùlé tó lu, kí onílé lè rí ibi sùn. Àtúnkọ́ gidi di ọjọ́ iwájú. Bí wọ́n bá bi mí, tapólì àti ìṣó ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ilé rẹ̀ jó, kó tó kan àpò sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì tí kò rí abẹ́ òrùlé kó sí, inú àpò ni yóò dì sí.

Amọ̀ ni ká sì fi tún ògiri amọ̀ ṣe. Ẹ pò ó mọ́ koríko gbígbẹ, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ẹ mọ ìpele kan, kí ó gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, omi tó wà nínú amọ̀ kò ní rọ́nà jáde. Láìpẹ́, sìmẹ́ǹtì náà á ṣí kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé búlọ́ọ̀kù yàtọ̀. Omi tó ń hó gbóná tó ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ooru iná bá ti ju 300 lọ lórí òṣùwọ̀n yẹn, agbára kọnkéré á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, àwọ̀ rẹ̀ á sì lè pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ẹ fi òòlù kan án jẹ́jẹ́. Èyí tó yè á dún gbọnran. Èyí tó ti bàjẹ́ nínú á dún bí ohun tó ṣófo. Bó bá jẹ́ ilé alájà, kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀ títí ẹnjiníà yóò fi yẹ òpó àti irin inú rẹ̀ wò.

Ilé mìíràn wà tí iná kò kàn rárá, síbẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìbúgbàmù ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà, Ìbàdàn. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ló fà á. Ọ̀pọ̀ ilé yíká ló fara gbá a. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ fún pọ̀ lójijì, ó ti ògiri síwájú, ó sì tún fà á padà. Gíláàsì ló kọ́kọ́ ń fọ́, nítorí kò mọ bí a ṣe ń tẹ̀. Ògiri lè dúró, kó sì ti lanu.

Ẹ má tíì rẹ́ ibi tó lanu. Ẹ po sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó là náà bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, kó gbá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ máa padà wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí òun náà bá sán, ògiri ṣì ń rìn. Iṣẹ́ ẹnjiníà nìyẹn. Bí àkókò òjò bá kọjá tí kò sán, kí bíríkìlà wá gbẹ́ ẹnu ibẹ̀ gbòòrò, kó fọ̀ ọ́, kó dí i, kó tó rẹ́ ẹ.