Iṣẹ́ abẹ ọkàn: Báńdéèjì olówó gọbọi kò lè rọ́pò ọwọ́ tó mọ́

Iṣẹ́ abẹ ọkàn kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ nílẹ̀ wa. Láti ọdún 1974 tí wọ́n ti kọ́kọ́ la àyà ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ nílé-ìwòsàn Yunifásítì Nàìjíríà, n'Ẹnúgù, àwọn mìíràn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, títí kan UCH n'Íbàdàn àti ilé-ìwòsàn Yunifásítì Babcock, ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí kì í rò mọ́ ọn: bí dókítà bá rán àyà pa tán, ogun ku ọ̀kan. Ogun kòkòrò àìfojúrí ni.

Kí dókítà tó dé ìdí ọkàn, ayùn ni yóò fi la eegun àárín àyà sí méjì. Lẹ́yìn iṣẹ́, yóò fi wáyà irin so ó pọ̀, yóò sì rán ẹran àti awọ bò ó. Bó bá jẹ́ awọ òkè nìkan ni kòkòrò wọ̀, oògùn sábà máa ń kápá rẹ̀. Bó bá wọlẹ̀ dé eegun, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀mí: wọ́n lè ní láti tún àyà náà ṣí. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó sanra jù àti ẹni tó ń mu sìgá ni ewu yìí ń wá jù.

Ìdí nìyí tí àwọn iléeṣẹ́ irinṣẹ́ ìṣègùn fi gbé báńdéèjì apakòkòrò jáde. Wọ́n fi èròjà fàdákà sí òmíràn, wọ́n fi oyin sí òmíràn. Bí omi ara bá kan fàdákà yìí, yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa pa kòkòrò tó bá wà lójú egbò. Ọgbọ́n gidi ni. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, ṣé òun ló yẹ kí mọ̀lẹ́bí tó jẹ gbèsè nítorí iṣẹ́ abẹ kọ́kọ́ náwó lé lórí?

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2016, wọ́n dábàá pé kí wọ́n má fi irú báńdéèjì olówó ńlá bẹ́ẹ̀ rọ́pò báńdéèjì lásán tó mọ́, lórí ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti rán pa, nítorí kò sí ẹ̀rí tó lágbára pé ó sàn jù ú lọ. Lóòótọ́, lọ́dún 2021, àjọ NICE nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí oríṣi kan tó ń fa kòkòrò mọ́ra. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ìbímọ àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fọwọ́ sí i, kì í ṣe ti ọkàn.

Kí wá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n ṣe? Kí aláìsàn wẹ̀ dáadáa kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n má fi abẹ fá irun ara rẹ̀. Kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ apakòkòrò kí wọ́n tó la àyà, kì í ṣe kí wọ́n máa fún un lọ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Kí wọ́n ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí kòkòrò Staphylococcus aureus bá wà nímú ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, kí wọ́n fi òróró ìpara mupirocin sí i nímú. Lékè gbogbo rẹ̀, kí dókítà àti nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́ wọn mọ́.

Kò sí èyí tó ṣòro níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ta ló fẹ́ fọ ọwọ́ nílé-ìwòsàn tí omi kò ti yọ? Àjọ kan náà sọ lọ́dún 2016 pé lára 100 èèyàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ lórílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, 11 ni kòkòrò ń wọ̀ lára. Òfin adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2022 ní dandan ni fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, síbẹ̀ àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣì ń tọwọ́ bọ̀.

Àwa ará ilé náà ní ẹ̀bi tiwa. Àwọn kan ń tú ìyẹ̀fun kápúsù ampicillin sójú egbò, àwọn mìíràn ń fi omi gbígbóná àti Dettol jó o. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Bí egbò àyà bá ń ṣomi, tó ń pọ́n, tí ibà sì dé, ọ̀dọ̀ dókítà ló yẹ kí a sáré gbà lọ.

Ẹni tó bá rí báńdéèjì fàdákà rà, tí dókítà sì ní ó yẹ ẹ́, kó rà á. Ṣùgbọ́n kí ìjọba àti àwọn alákòóso ilé-ìwòsàn kọ́kọ́ pèsè omi, ọṣẹ àti abẹ́rẹ́ tó bọ́ sákòókò. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.